Máòsì Tuntun Tí Kọ̀ǹpútà Kò Dá Mọ̀

Ìyá kan wà tí wọ́n ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo yà síbẹ̀ láti tẹ ìwé ìwáṣẹ́ mi jáde, mo bá akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì, kálukú di fáìlì mú, wọ́n ń wo aago. Máòsì oníwáyà tí ìyá náà ti ń lò tipẹ́ ló kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti ránṣẹ́ lọ ra tuntun, èyí tí kò ní wáyà. Wọ́n ti tú u kúrò nínú páálí, wọ́n ti ki bátìrì sí i, wọ́n ti ki ike kékeré tó bá a wá sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n wá ń fi máòsì náà gbo orí tábìlì lọ, wọ́n ń gbo ó bọ̀. Ọfà ojú kọ̀ǹpútà kò mira.

"Ọmọ mi, ayédèrú ni wọ́n tà fún mi yìí o," ni wọ́n wí. Wọ́n ti ń wá páálí rẹ̀ kiri kí wọ́n lè dá a padà fún ẹni tó tà á.

"Mà, ẹ ṣì ṣe sùúrù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó ná."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó ṣe máòsì náà, kò sì sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà. Màá sọ ohun tí a rí nígbà tí a bá dé ibẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí a gbà rí i ló ṣe pàtàkì jù.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe sí máòsì tuntun. Kò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, a ti dá a lẹ́bi, a ti jù ú sí kọ̀rọ̀, tàbí kí a ti lọ bá ọlọ́jà fa wàhálà. Kọ̀ǹpútà ni àwọn mìíràn ń dá lẹ́bi, wọ́n á gbé e lọ fún ẹni tó máa gba owó lọ́wọ́ wọn láti tún Windows rẹ̀ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó tí a fi òógùn wá ni, kò yẹ kó ṣòfò báyẹn. Ìbéèrè méjì péré ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ṣé iná wà lára máòsì? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà? Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń bi wọ́n léèrè ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé kò ní ju ọjà tó dára nù.

Ẹrù méjì tí wáyà ń rù

Ní ọdún 1964, Douglas Engelbart àti Bill English ṣe máòsì àkọ́kọ́ ní Stanford Research Institute ní Kalifọ́níà, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Igi ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ó ní bọ́tìnì kan lórí, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì tó ń yí lábẹ́: ọ̀kan ń ka ìrìn sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń ka ìrìn síwájú sẹ́yìn. Wáyà kan yọ lára rẹ̀ bí ìrù, wọ́n bá ń pè é ní eku, ìyẹn mouse lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí títí dòní.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ìrù yẹn. Òun ló ń gbé iná láti ara kọ̀ǹpútà wá sára máòsì, òun náà ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ara máòsì lọ sára kọ̀ǹpútà: mo rìn sọ́tùn-ún, wọ́n tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bí a bá ti ki máòsì oníwáyà bọ inú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ti parí. Iná dé, ọ̀rọ̀ sì dé, lójú ọ̀nà kan náà.

Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ gé ìrù náà kúrò, irú bí Logitech ṣe ṣe nígbà tó gbé máòsì tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ jáde ní 1991, ẹrù méjì yẹn kò lọ síbì kankan. Wọ́n pín in ni. Bátìrì gba iṣẹ́ iná, rédíò gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀nà kan ṣoṣo wà tẹ́lẹ̀ ti wá di méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè já láìjẹ́ pé èkejì já. Ìdí nìyí tí máòsì aláìníwáyà fi lè tanná rekete lábẹ́ kó má sì lè mú ọfà rìn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ rà

Irú méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní risífà, ìyẹn ike kékeré tó ní irin USB lẹ́nu, tí kò ju èékánná àtàńpàkò lọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní dọ́ńgù. Máòsì á máa bá risífà sọ̀rọ̀, risífà á sì máa sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà. Èkejì ni ti Bluetooth. Òun kò ní risífà. Rédíò Bluetooth tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn máòsì kan wà tó lè ṣe méjèèjì, tí ẹ máa fi bọ́tìnì yan èyí tí ẹ fẹ́.

Mo ti rí ẹni tó wá máòsì onírisífà títí nínú ojú ìwé Bluetooth kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí kò rí i. Kò lè rí i láé, nítorí pé kì í ṣe ibẹ̀ ló ń gbé. Mo sì ti rí ẹni tó tú páálí títí ó fi ya, ó ń wá risífà tí wọn kò fi sí i rárá, nítorí pé ti Bluetooth ló rà. Ẹ wo ara páálí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ẹ bá rí àwòrán ike USB, tàbí tí wọ́n kọ 2.4 GHz tí wọn kò kọ Bluetooth, risífà ló ń lò. Bí ẹ bá rí àmì Bluetooth, ìyẹn B onígun ṣóńṣó tó dà bíi pé ó ní ìwo méjì lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà yín gbọ́dọ̀ ní Bluetooth kó tó lè dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́ ni kò ní in.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé iná wà lára rẹ̀?

Ẹ dá máòsì náà dé, kí abẹ́ rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ wo bóyá bọ́tìnì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ON àti OFF sí. Wọ́n sábà máa ń fi máòsì tuntun sórí OFF nínú páálí kí bátìrì má baà tán kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹ tì í sí ON.

Ẹ wá ṣí ilé bátìrì. Bí bátìrì bá bá a wá láti ilé iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rá tín-ín-rín kan wà láàárín orí bátìrì àti irin tó yẹ kó kàn. Wọ́n fi dínà iná ni, títí di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ẹ fà á yọ pátápátá. Bí ó bá já sínú, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tú u jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ki bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ wo àmì + àti − tí wọ́n tẹ̀ sínú ilé rẹ̀. Ìdí pẹrẹsẹ bátìrì ló sábà máa ń kọjú sí sípíríǹgì. Bátìrì tí a yọ lára rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kò yẹ fún ìdánwò yìí rárá. Agbára tó ti rẹ̀ lè tan iná díẹ̀ lábẹ́ máòsì, kó má sì tó fún rédíò láti sọ̀rọ̀ geere, ìyẹn á sì ṣì yín lọ́nà. Ẹ ra bátìrì tuntun tó ṣeé fọkàn tán, kí ẹ má sì da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù nínú máòsì tó ń lo méjì.

Bí máòsì yín bá jẹ́ èyí tí à ń fi iná sí, ẹ jẹ́ kó mu iná fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ná. Kí ẹ sì mọ ohun kan: lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, okùn tó ń gbé iná wọlé kò gbé ọ̀rọ̀ jáde. Kíki okùn náà bọ inú kọ̀ǹpútà kò sọ ọ́ di máòsì oníwáyà.

Ṣé ẹ ti rí iná pupa lábẹ́? Ó dára. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tíì sọ̀rètí nù, torí pé àwọn máòsì kan ń lo iná tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ẹ wo iná kékeré orí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tì í sí ON, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí iná kankan lórí, tí kò sí lábẹ́, tí bátìrì sì jẹ́ tuntun tí ó wà bó ṣe yẹ, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn: ara máòsì ni àìsàn wà. Ẹ dá a padà.

Ìbéèrè kejì: ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀, nítorí pé ọ̀nà náà ní ìkángun méjì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ risífà. Bí ẹ kò bá rí i nínú páálí, ẹ wo inú ilé bátìrì tàbí ihò kékeré kan lábẹ́ máòsì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fi í pamọ́ sí. Ẹ ki risífà náà bọ inú ihò USB, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Bí ohùn Windows kò bá wà ní pípa, kọ̀ǹpútà á dún lẹ́ẹ̀kan. Ohùn yẹn ní ìtumọ̀. Bí risífà bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà á fún un ní iná, á sì bi í pé: ta ni ọ́? Risífà á fi nọ́ńbà méjì dáhùn, ọ̀kan ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, èkejì ń sọ irú ọjà tó jẹ́. Á tún sọ ẹgbẹ́ tó ń bá rìn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn nǹkan tí ọwọ́ ènìyàn ń darí, bíi máòsì àti kíbọ́ọ̀dù. Àwọn tó gbé USB kalẹ̀ ní 1996 ló fi ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ yìí sí i, kó má baà jẹ́ pé gbogbo ọjà tuntun ló máa nílò dráífà tirẹ̀. Windows, macOS àti Linux ló ti mọ ẹgbẹ́ máòsì tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má lọ máa wa dráífà máòsì jáde lórí ìkànnì tí ẹ kò mọ̀. Máòsì lásán kò nílò rẹ̀ kó tó mú ọfà rìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà wọn.

Bí kò bá dún, ẹ yọ risífà, ẹ ki òun náà bọ ihò mìíràn. Bí ẹ bá ń lo ike oníhò púpọ̀ tàbí ohun tó ń sọ USB kékeré di ńlá, ẹ yọ ìyẹn kúrò láàárín, ẹ ki risífà bọ ara kọ̀ǹpútà tààrà. Ẹ fi fláàṣì tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ dán ihò náà wò. Bí fláàṣì náà kò bá wọlé, ihò ló ti kú. Máòsì kò mọ̀ sí i.

Bí ó bá dún ṣùgbọ́n tí ọfà kò rìn, ẹ bi ara yín bóyá risífà máòsì yìí gan-an ni. Risífà kan kì í gbọ́ ohùn gbogbo máòsì. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti mú òun àti máòsì tirẹ̀ mọra wọn. Ní ọjà, níbi tí wọ́n ti ń tú páálí bíi márùn-ún fún oníbàárà láti yẹ̀ wò, ó rọrùn kí risífà páálí kan bọ́ sínú òmíràn, nítorí pé gbogbo wọn jọra. Ti Logitech náà ní òfin tirẹ̀. Risífà tí wọ́n ń pè ní Unifying, tó jáde ní 2009, lè gba ohun èlò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ máa rí àmì ìràwọ̀ aláwọ̀ ọsàn lára rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ Logi Bolt, tó dé ní 2021, kò gbọ́ èdè Unifying, Unifying kò sì gbọ́ tirẹ̀. Bí máòsì yín bá ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ Connect sí lábẹ́, ẹ yọ risífà, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, ẹ sì tẹ bọ́tìnì náà lójú ẹsẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè tún mọ ara wọn.

Ohun tó wà láàárín

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá wa. Iná pupa ń tàn lábẹ́ máòsì wọn, nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ ti gba ìdáhùn. Mo ní kí wọ́n yọ risífà kí wọ́n sì tún un kì bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà dún. Ó ti mọ risífà nìyẹn. A jẹ́ pé láàárín máòsì àti risífà ni ọ̀nà ti dí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì. Àpótí onírin kọ̀ǹpútà náà wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ti ògiri. Ẹ̀yìn yẹn ni risífà wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, nínú ihò tó ní ahọ́n búlúù, ni wọ́n ki okùn háàdì dísìkì tí wọ́n ń kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí bọ̀. Mo gbé máòsì lé orí ìwé kan, mo nà án lọ sẹ́yìn àpótí náà títí ó fi ku bí ìka mẹ́rin kó kan risífà.

"Mà, ẹ bá mi wo ojú kọ̀ǹpútà."

"Ó ń rìn! Ọfà ti ń rìn o!"

Mo gbé e padà sórí tábìlì. Ọfà dúró gbọnin. A yọ risífà kúrò lẹ́yìn, a wá ki òun náà bọ ihò iwájú, kò sì tún sí ìyọnu mọ́.

Ohun méjì ló pàdé níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni irin. Rédíò tí máòsì ń lò kò lágbára rárá, kí bátìrì má baà tètè tán. Àpótí onírin àti ògiri sì tó láti dí i lọ́nà. Èkejì ni ariwo. Àwọn máòsì onírisífà tó wọ́pọ̀ lónìí ń sọ̀rọ̀ ní agbègbè 2.4 GHz, níbi tí Bluetooth àti ọ̀pọ̀ Wi-Fi náà wà. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Intel gbé ìwé àlàyé kan jáde tó fi hàn pé ihò USB 3.0, okùn rẹ̀ àti ohun tó bá wà lẹ́nu rẹ̀ máa ń tú ariwo rédíò jáde sí agbègbè yìí gan-an nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. USB 3.0 yẹn ni ó sábà máa ń ní ahọ́n búlúù. Háàdì dísìkì ń pariwo létí risífà, risífà kò wá gbọ́ ohùn máòsì tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti orí tábìlì.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ fi risífà sí ihò iwájú tàbí ti ẹ̀gbẹ́, níbi tí òun àti máòsì ti lè rí ara wọn. Ẹ mú un jìnnà sí háàdì dísìkì. Bí ihò kò bá pọ̀, ẹ ra okùn USB kúkúrú tó ń fa ihò gùn, ẹ ki risífà sẹ́nu rẹ̀, ẹ sì gbé e sórí tábìlì.

Bí ó bá jẹ́ ti Bluetooth

Ti Bluetooth nílò ìfinimọra. Kì í ṣe pé a tan máòsì kí kọ̀ǹpútà sì mọ̀ ọ́n. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú àwọn méjèèjì mọra wọn. Ẹ wá bọ́tìnì Bluetooth lábẹ́ tàbí lórí máòsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún títí iná rẹ̀ á fi máa ṣẹ́jú kíákíá. Bí iná bá ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, ó ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà kò ní rí i bó ti wù kí ẹ wá a tó. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti I pọ̀, ẹ wọ apá Bluetooth, ẹ yan ibi tí a ti ń fi ohun èlò tuntun kún un, ẹ sì yan orúkọ máòsì náà nígbà tó bá yọ. Lórí Mac, inú System Settings ni Bluetooth wà.

Mẹ́ta ni ohun tó sábà ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé Bluetooth kọ̀ǹpútà wà ní pípa, tàbí pé ẹnìkan ti tẹ bọ́tìnì àmì ọkọ̀ òfuurufú lórí kíbọ́ọ̀dù. Èkejì ni pé máòsì náà ti mọra pẹ̀lú fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù mìíràn nínú ilé, ibẹ̀ ló sì ń sáré lọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án. Ẹ pa Bluetooth ohun yẹn ná. Bí máòsì bá ní nọ́ńbà 1, 2, 3, ẹ yí i sí nọ́ńbà tí ẹ kò tíì lò fún ohun èlò kankan. Ẹ̀kẹta ni pé ìmọra àkọ́kọ́ já sí agbede méjì: orúkọ rẹ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọfà kò rìn. Ẹ yọ orúkọ náà kúrò pátápátá, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó bá kan kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀

Bí gbogbo èyí kò bá yanjú rẹ̀, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ sì lo "Restart" dípò "Shut down". Láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní 2012, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kì í pa tán tí ẹ bá tẹ "Shut down". Wọ́n máa ń fi apá kan ohun tó wà lọ́kàn wọn pamọ́ kí wọ́n lè tètè jí lọ́jọ́ kejì; bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, á bá wọn jí. "Restart" ló ń fọ ọkàn wọn mọ́. Bí ẹ kò bá ní máòsì tí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, kíbọ́ọ̀dù tó: ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti D pọ̀, ẹ tẹ Alt àti F4 pọ̀, ẹ fi bọ́tìnì ọlọ́fà yan "Restart", ẹ sì tẹ Enter.

Bí ó bá tàn tán tí kò sí àyípadà, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti X pọ̀, lẹ́yìn náà ẹ tẹ M. Device Manager á ṣí, ìyẹn ìwé orúkọ gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ó wà lára òun. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ "Mice and other pointing devices" sí. Bí àmì ìyanu tó ní àwọ̀ yẹ́lò bá wà lára orúkọ máòsì tuntun náà, kọ̀ǹpútà rí i ṣùgbọ́n kò lè lò ó. Ẹ dúró lórí orúkọ náà, ẹ tẹ Delete, ẹ gbà á láyè kó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ yọ risífà, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kí kọ̀ǹpútà lè tún bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o bóyá wọ́n ti ti ihò USB pa nítorí ààbò. Àwọn ọ́fíìsì kan ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn nítorí pé ó ya ohun méjì tó jọra sọ́tọ̀. Bí ọfà kò bá rìn, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì. Bí àpótí kékeré bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ti mọ máòsì, ọ̀nà ọ̀rọ̀ sì ṣí. Ojú máòsì ni kò ríran. Ó ń wo ilẹ̀ ní abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń fi àwòrán kan wé èkejì kó lè mọ ibi tó rìn sí. Lórí tábìlì onígíláàsì tàbí ohun tó ń dán bí dígí, kò rí ohun tó máa fi mọ ìyàtọ̀. Ẹ tẹ́ ìwé tàbí aṣọ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá wọ́n ti fi ọ̀rá tín-ín-rín kan bo ojú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Ìdájọ́

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ lè dájọ́ wàyí, ṣùgbọ́n ẹ pe ẹlẹ́rìí méjì kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé máòsì náà àti risífà rẹ̀ lọ sára kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ẹ yá máòsì ẹlòmíràn, kí ẹ sì ki tirẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà yín. Bí tiyín bá ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, máòsì kò jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ gbájú mọ́. Bí tiyín bá kọ̀ lọ́hùn-ún tí ti ẹlòmíràn sì ṣiṣẹ́ níbí, máòsì ló jẹ̀bi, ẹ lè fi ìgboyà gbé e padà pẹ̀lú páálí, risífà àti rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín kò ní lè sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n lò, torí pé ẹ máa lè sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ohun kan ni kí ẹ má gbàgbé nínú gbogbo rẹ̀: nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí bátìrì, ihò àti tábìlì padà pa pọ̀ lè rí i kí máòsì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó wò ó sàn. Bí ó bá tún dákẹ́ lọ́la, ojú kan náà ló máa dúró sí.

Mo tún yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá wa lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Risífà wà lẹ́nu okùn kúkúrú lórí tábìlì, wọ́n ti fi sẹ́lòtéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ kó má baà sọnù. Wọ́n ti gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan, òun ló wà nídìí kọ̀ǹpútà kejì. Bí a ti ń kí ara wa ni ọmọ náà fi igbe ta pé máòsì ti òun ti kú. Ìyá kò dìde, wọn kò sì dáwọ́ ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ dúró.

"Dá a dé. Ṣé iná wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"Ó dáa. Sún un mọ́ risífà, kí o sọ ohun tí o rí fún mi."